Mì Í Wò

Ẹnu bélíìtì ẹ̀yìn mọ́tò mi wà lábẹ́ lẹ́dà fún ogún ọdún gbáko, n kò sì mọ̀. Ọdún 2004 ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire, gbé mọ́tò náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń rán ìbora àga mọ́tò lẹ́bàá Garéèjì Ìbàdàn, torí pé aṣọ àga rẹ̀ ti ń ya. Ọkùnrin náà rán lẹ́dà aláwọ̀ eérú tó ń dán, ó fà á bo àga ẹ̀yìn látòkè délẹ̀, ó sì rán ẹnu bélíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ abẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Ta ló ń lo bélíìtì ẹ̀yìn ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà? Àwa tí à ń jókòó níwájú gan-an, ìgbà tí a bá rí àwọn Road Safety lókèèrè ni à ń fà á kọjá àyà. A kì í tilẹ̀ ki ahọ́n rẹ̀ bọ ẹnu. A ó kàn fọwọ́ dì í mú títí a ó fi kọjá wọn, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣe bí ẹni ń kàwé.

Toyota Carina E ni mọ́tò ọ̀hún, ti ọdún 1995. Burnaston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tò ó, ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m, ó sì gba Kútọnù wọlé tọ̀ wá lọ́dún 2002. Àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́ títí pé kí n tà á. Mo máa ń bi wọ́n pé èló ni wọ́n fẹ́ ta bàbá wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń ṣe agídí. Èmi náà ní orúnkún kan tó ń ṣe agídí, a ti gbọ́ ara wa yé.

Oṣù kẹfà ọdún 2024, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Iléyá kò, ni ọmọ mi obìnrin dé láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta, tí mò ń pè ní ọkọ mi. Òun lọkọ tó kù mí kù. Ọdún Ojúde Ọba ni wọ́n wá wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ó já wọn sílẹ̀ tẹrù-tẹrù, ó sì padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárín ẹrù yẹn ni nǹkan ńlá kan wà nínú ọ̀rá dúdú. Mo rò pé aṣọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ni. Ìgbà tí a tú u, àga ni: àga tó ní etí méjì níbi orí, okùn márùn-ún tó pàdé níwájú ikùn, ìdí rẹ̀ wúwo bí ọlọ.

Ọmọ mi ní òun ò ní gbé ọmọ wọ Carina láìsí àga yìí. Ó ní òfin ni lọ́dọ̀ àwọn, pé ọmọ gbọ́dọ̀ máa jókòó nínú irú rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ní, “Itan ni mo fi gbé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú mọ́tò ìjàpá bàbá yín, èmi níwájú, ìwọ lórí itan mi, àwọn mẹ́ta lẹ́yìn pẹ̀lú ìyá àgbà àti àpò gaàrì. Kí ló ṣe yín?”

Ó ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì. A dúpẹ́ pé a ò kú.”

N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán tán.

Lẹ́yìn àga náà, apá irin méjì yọ síta bí ọwọ́ akàn. Nínú mọ́tò tuntun, òrùka irin méjì máa ń fara pamọ́ sí àárín ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì, ibẹ̀ ni ọwọ́ akàn yìí ń dì mú. Ọdún 1999 ni àwọn elétò ìwọ̀n lágbàáyé fẹnu kò lórí rẹ̀, Carina mi sì ti dàgbà kí ọ̀rọ̀ náà tó délẹ̀. A ki ọwọ́ bọ inú àlàfo àga, iyanrìn àti èèpo ẹ̀pà la bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àga náà ní ọ̀nà kejì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tí bélíìtì mọ́tò yóò gbà bí ọmọ bá kọjú síwájú, wọ́n fi búlúù sàmì sí ibi tí yóò gbà bí ó bá kọjú sẹ́yìn. Ó wá ku kí á rí bélíìtì.

Mẹkáníìkì mi ní Mọ́lípà ló wá bá wa wá a. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ lẹ́dà náà díẹ̀díẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wá orí ọmọ nínú ikùn aboyún. Ó ní, “Mọ́mì, ó wà níbí,” ó sì fi abẹ la ojú rírán rẹ̀. Ẹnu bélíìtì jáde, eruku ti dí i. Ẹyọ náírà onírin kan jáde tẹ̀ lé e, àti ìdérí báírò, àti yẹtí góòlù kékeré kan. Ọmọ mi mú yẹtí náà, ó gbé e síwájú ojú. Ọdún 2003 ló sọ ọ́ nù, ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Ó ní òun ò mọ ibi tí ó bọ́ sí, mo ní irọ́ ló ń pa, mo ní ó tà á ni, mo sì nà án. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi yẹtí sínú àpò rẹ̀, a ń bá iṣẹ́ lọ.

Eku ti jẹ etí bélíìtì apá òsì. Mẹkáníìkì ní bélíìtì tí eku bá ti tọ́ wò, kí á má fi ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Ti àárín kò ní apá tó ń gba èjìká, ìbàdí nìkan ló ń dè. Ti apá ọ̀tún ló kù. Ó fọ ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ki ahọ́n bọ̀ ọ́, ó dún kọ́ì. Ó wá fà á jẹ́jẹ́, bélíìtì ń tú bọ̀. Ó já a lójijì, ó dúró gbọn-in. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Bélíìtì yìí ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, á máa tẹ̀ lé yín kiri ni. Ọjọ́ tí nǹkan bá já a ló ń dúró.” Bíṣọ́ọ̀bù tó lè sọ irú gbólóhùn yẹn láàárín ìwàásù wákàtí kan kò pọ̀.

Àga náà gbà wá ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dè é, ó ń mì bí eyín àgbàlagbà. Ìgbà kejì, a gbà á lójú ibi búlúù dípò pupa, a tú u. Ìgbà kẹta ó dà bí ẹni pé ó ti dáa, ọmọ mi gbá a mú, ó mì í, ó ní rárá: níbi tí bélíìtì gbà, kò gbọdọ̀ sún kọjá sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀. Mẹkáníìkì wá fi orúnkún kan lé inú àga, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wọ inú ìjókòó. Ọmọ mi ń fa bélíìtì, èmi ni mo pa ìdè ara àga náà dé mọ́ bélíìtì kí ó má baà tún rọ̀. A mì í. Mọ́tò ló mì. A gbé ọkọ mi sí i, a fa okùn èjìká rẹ̀ títí ìka kò fi lè ká a pọ̀ mọ́. Ó figbe bọnu, àdúgbò gbọ́.

Alhaja tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa jáde síta. “Ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ náà jí gbé?” Ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Èyí tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín ni ti arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó rí àga náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní, “Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni bélíìtì tiwa. Àwọn òyìnbó tí kò nígbàgbọ́ mọ́ ló ń de ọmọ wọn bẹ́ẹ̀.” Ó ní ìkókó oṣù mẹ́fà lápá bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì wọ iwájú mọ́tò ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà lórí itan. Lára dígí wọn, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé ẹ̀jẹ̀ bo ọkọ̀ náà.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. N kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n sùn lé e. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn de ọmọ rẹ̀ mọ́ àga? Apá kan ìbéèrè yìí rọrùn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àlàájì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin (ilé Ìjẹ̀bú wo ni kò ní Àlàájì àti Wọ́dìn lábẹ́ òrùlé kan?). Ẹran Iléyá wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rán mi létí ọkùnrin tó bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Èsì tó gbà ni pé kó so ó ná. Nehemáyà gbàdúrà lórí odi Jerúsálẹ́mù, ó tún yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Sátánì gbé Jésù dé góńgó tẹ́ḿpìlì, ó ní kó bẹ́, ó ní àwọn áńgẹ́lì á gbà á. Jésù ò bẹ́. Ẹni tó bá wá gbé ìkókó síwájú mọ́tò, tó ní áńgẹ́lì ni yóò dì í mú, kó wò ó dáadáa, ẹnu ta ló ń yá lò?

Ibi tó dá mi dúró ni Diutarónómì, orí 22, ẹsẹ 8. Mo máa ń sáré kọjá níbẹ̀, torí àárín òfin ìtẹ́ ẹyẹ àti irúgbìn ọgbà ló wà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi á sì ti máa sùn. Òfin náà jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́lé tuntun: ó gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnì kan má baà já bọ́ níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì wá sórí ilé náà. Nílẹ̀ wọn, òrùlé pẹrẹsẹ ni, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbatẹ́gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá nǹkan sí. Ẹ wo ohun tí òfin yìí kò sọ. Kò ní kí onílé fòróró yan òrùlé. Kò ní ẹni tó bá ṣubú, ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn onílé. Àwọn olùkọ́ Júù ayé àtijọ́ pàápàá rí ibi tó ti gbóná. Bí ẹni náà yóò bá ṣubú lọ́nàkọnà, kí ló kan onílé? Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé yóò ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìwọ fi jẹ́ kó jẹ́ láti orí òrùlé tìrẹ?

Mo pa Bíbélì dé lóru ọjọ́ náà, ọdún 1987 sì wá jókòó tì mí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń kọ́ni nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígbà náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Òrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú Peugeot 504, ó jókòó níwájú, ọmọbìnrin rẹ̀ olóṣù mọ́kànlá wà lórí itan rẹ̀. Ní apá Ọ̀gbẹ̀rẹ̀, tírélà kan bàjẹ́ sójú títì láìtan iná. Ọkọ rẹ̀ kò sáré. Ó tẹ bíréèkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i dá dúró. Ọkọ rẹ̀ fi orí gbá sítíárì, ó yè é. Òun dá lápá. Ọmọ náà kò sí lórí itan mọ́.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan ló ń tún sọ: “Mo dì í mú. Mo dì í mú.” Àwa yí i ká, àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ìyá ìdílé rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Ohun kan náà ni gbogbo wa sọ, àfi bí èdè ìgbàgbọ́ ṣe yàtọ̀: pé kádàrá ni, pé Ọlọ́run ló fún un, Òun náà ló gbà á. Èmi gan-an ni mo gbé orí rẹ̀ lé àyà mi tí mo ní, “Àyànmọ́ ni. Kò sí ohun tí o lè ṣe.” Mo rò pé mò ń tù ú nínú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó gbọ́ yàtọ̀. Ó gbọ́ pé Ọlọ́run fẹ́ gba ọmọ náà, ọwọ́ òun sì ni ó gbà á kúrò. Ó gbọ́ pé òun ló tú u sílẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àwọn Road Safety yẹn, sílẹ̀, wọ́n sì fi Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà níbí, ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò bìkítà. Ó ti fi iwájú mọ́tò sílẹ̀ títí láé.

Ìgbà tí ọmọ mi ń fi fóònù rẹ̀ hàn mí bí àga náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí ìṣirò kan tó mú kí n bọ́ awò ojú mi sílẹ̀. Bí mọ́tò tó ń sá nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan bá dúró lójijì, agbára tó ń fa ènìyàn síwájú lè tó ìlọ́po ọgbọ̀n ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ kílò mẹ́wàá, ó di ọ̀ọ́dúnrún kílò ní ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé. Mo ti kọ́lé rí, mo mọ ohun tí àpò sìmẹ́ǹtì wọ̀n: àádọ́ta kílò. Àpò mẹ́fà. Ìyá wo láyé yìí ló lè fi apá méjì di àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà mú?

Ọ̀rẹ́ mi kò tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, àyànmọ́ tí mo fi tù ú nínú sì wà lára òṣùká tó fi rù ú.

Ohun mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí n sùn. Ọdún 1959 ni Nils Bohlin, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Volvo ti Swídìnì, ṣe bélíìtì tó ń gba èjìká àti ìbàdí, ilé-iṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda kí gbogbo aṣemọ́tò láyé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi pe ìyẹn ní sàráà. Ọdún 1964 ni Bertil Aldman, dókítà kan ní Swídìnì kan náà, ṣe àga ọmọdé tó kọjú sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn àwọn tó ń lọ sí òfuurufú nínú ọkọ̀ Gemini ti Amẹ́ríkà gba agbára tó ń tì wọ́n ló wò tó fi ronú rẹ̀. Orí ìkókó tóbi, ọrùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà lára pákó àga, gbogbo ẹ̀yìn ni yóò gba ìkọlù, kì í ṣe ọrùn nìkan. Ó rán mi létí ọ̀já: ọmọ tí a pọ̀n kì í wà lọ́wọ́ wa, ara wa la fi ń ṣe àga fún un, a sì so ó pa kí ọwọ́ wa lè ráyè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Abiyamọ ti mọ̀ tipẹ́ pé ọwọ́ ń rẹ̀, pé ọwọ́ ń gbàgbé. Kí ló dé tí a fi tú ọ̀já nígbà tí a wọ mọ́tò, tí a wá padà gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́? Ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, dókítà ọmọdé kan, Robert Sanders, jà títí òfin àga ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1978.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ohun tó lè dá ọmọ ọ̀rẹ́ mi sí ti wà láyé fún ọdún mẹ́tàlélógún kí mọ́tò wọn tó dé Ọ̀gbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Swídìnì lóṣù kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tírélà ì bá dúró síwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó sunkún kó sì délé. Ṣé orí tí ọmọ Swídìnì yàn dára ju ti ọmọ Ìjẹ̀bú ni? Ṣé àyànmọ́ ń gba físà? Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà ní àga yìí dín ikú ìkókó nínú mọ́tò kéékèèké kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dín ti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin kù ní ìdá 54. Bí àyànmọ́ bá jẹ́ ohun tí okùn aṣọ lè yí padà fún èyí tó ju ìlàjì lọ, a jẹ́ pé ohun tí à ń pè ní àyànmọ́, apá kan rẹ̀, àìsí okùn ni.

Mo mọ̀ pé àwọn onífá yóò ní mo ti ba ọ̀rọ̀ orí jẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin tí a de àga náà, a fi ṣe ìrìn àjò lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, kí ọkọ mi lè rí ibi tí wọ́n ní wọ́n sin Bílíkísù Ṣùngbọ́ sí. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ onífá, tí a bá lábẹ́ igi níbẹ̀, rí ọmọ nínú okùn, ó bi mí kí ni. Mo ṣàlàyé. Mo bi í padà pé bí orí bá ti yàn, kí ni okùn wúlò fún. Kò bínú. Ó ní ẹni tó kúnlẹ̀ yan orí kò rántí ohun tó yàn, kí ló wá fún un láṣẹ láti máa sọ pé ikú ni òun yàn? Ó tún ní Ifá ní ìtàn kan níbi tí gbogbo orí ti pàdé, tí wọ́n gbìmọ̀, tí wọn kò ké sí ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n gbèrò dára, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣe nínú rẹ̀. Ó nawọ́ sí inú igbó, ó ní, “Ẹ sáà wo ìyẹn.”

Erédò ló nawọ́ sí, yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó tó ọgọ́jọ kìlómítà, ibòmíì sì wà tí ó ga tó ogún mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ebè. Wọ́n ní Agẹmọ nígbà náà, wọ́n ní Ọ̀ṣùgbó, wọ́n ní ètùtù fún ogun àti fún àjàkálẹ̀. Wọn kò lo èyíkéyìí nínú wọn láti fi sá fún ọkọ́. Mo ti ń wa mọ́tò kọjá lẹ́bàá yàrà yẹn láti ìgbà èwe mi, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìgbátí ni.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọ̀kadà kan yà wá sílẹ̀. Obìnrin kan wà lórí rẹ̀, ó fi ọ̀já pọn ìkókó, ọmọ ilé-ìwé méjì há sáàárín òun àti ẹni tó ń gùn ún. Òun ni n kò ní ìdáhùn fún. Owó àga ọmọ mi, bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, obìnrin yẹn lè máà rí i láàárín oṣù púpọ̀, kò sì sí ibi tí a óò de àga mọ́ lórí ọ̀kadà. Tí ó bá ní Ọlọ́run ni bélíìtì òun, òótọ́ ló sọ, torí kò ní òmíràn. N kò lè fi Diutarónómì nà án; ẹni tí kò nílé, òrùlé wo ni yóò yí ká? Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, bí ó bá ta sílẹ̀, n kò rò pé orí rẹ̀ ló ń wá. Ó lè jẹ́ orí ìjọba tí kò ṣe bọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ orí èmi tí àyè mẹ́ta ṣófo lẹ́yìn mọ́tò mi láràárọ̀. Gbólóhùn kan náà ni òun àti arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sọ, àmọ́ lẹ́nu obìnrin orí ọ̀kadà, àdúrà ni. Lẹ́nu ẹni tí bélíìtì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é láìbú ènìyàn.

Àwọn ọmọ padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù. Ọmọ mi fi àga sílẹ̀ fún Kérésìmesì, ó lẹ yẹtí kan ṣoṣo náà mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Ó ní kí n lè máa rántí. Mo máa ń mì í ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kí n tó jáde, bí ẹní ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nínú oṣù kẹjọ, àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ìpàdé, mo sì ní kí n gbé ọ̀rẹ́ mi délé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀yìn ló ṣí, bó ṣe máa ń ṣe. Ó bá àga náà ní apá ọ̀tún. Ó dúró tì í díẹ̀ kó tó wọlé sí apá òsì.

“Ti ta nìyí?”

“Ti ọkọ mi ni. Wọ́n ti padà.”

“Ṣé ó le?”

Mo ní, “Mì í wò.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Apá òsì rẹ̀ kò tíì nà tán láti ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, síbẹ̀ ó mì í débi pé mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jó nísàlẹ̀ wa, àwọn tó wà lẹ́nu géètì ń wò wá. Àga ò sún. Ó ṣì dì í mú nígbà tí mo gbé mọ́tò.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kàn ń wo títì, mo ń sọ ọ́: kílò mẹ́wàá, àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí, ìlọ́po ọgbọ̀n, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, torí pé bí n kò bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní lè sọ ọ́. Mo ní kò sí apá tó lè di ìyẹn mú. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo sọ lọ́dún náà.

Kò fọhùn. A dé Òkè-Àgbò kó tó dá mi lóhùn.

“Àpò mélòó lo pè é?”

“Mẹ́fà.”

“Ti sìmẹ́ǹtì?”

“Ti sìmẹ́ǹtì.”

Mo wo dígí. Ó ti fi àga sílẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wò wọ́n.